Ìwé kíkà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ n'Ìbàdàn: iṣẹ́ tí ilé-ìwé nìkan kò lè dá ṣe

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Túnjí Àlàùsá, kéde l'Ábùjá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2022. Ìlànà yẹn ló ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí yóò fi ka pírámárì kẹfà tán. Níbi ìpàdé Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ lórílẹ̀-èdè tó wáyé l'Ákúrẹ́ níbẹ̀rẹ̀ oṣù náà ni wọ́n ti fẹnu kò sí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Àwọn onímọ̀ èdè yarí. Àwọn òbí kan sì ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn bẹ́ẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, òun náà ni wọ́n fi ń wáṣẹ́.

Àríyànjiyàn náà kì í ṣe kékeré, n ó sì padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ti wà ṣáájú ìlànà méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wọ yunifọ́ọ̀mù lójoojúmọ́, tó ń gbé báàgì kọ́rùn lọ sílé-ìwé, tó sì dé pírámárì kẹrin tàbí ìkarùn-ún láìlè ka gbólóhùn kan délẹ̀, ì báà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ Yorùbá. UNICEF sọ, látinú ìwádìí tí wọ́n ṣe nínú àwọn ìdílé káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2021, pé nínú àwọn ọmọ ọdún 7 sí 14, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn, tí wọn kò sì lè yanjú ìṣirò kékeré. Lọ́dún 2022, Báńkì Àgbáyé àti àwọn àjọ tó bá a ṣiṣẹ́ ní nínú ọmọ ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ní apá gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, bí i mẹ́sàn-án ni kò lè ka ìtàn kékeré kan kó yé wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí dunni gan-an n'Ìbàdàn. Ìlú yìí ni olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, lẹ́yìn tí Stephen Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1952. Àwọn baba àti ìyá wa tó jàǹfààní rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dòní. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ àti Báńkì Àgbáyé ṣètò BESDA, ètò kan láti tún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ṣe, fún ìpínlẹ̀ 17 tí ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò lọ sílé-ìwé àti ọmọ tí kò mọ̀wé kà ti kọjá wẹ́rẹ́, Ọ̀yọ́ nìkan ni ìpínlẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn tó wà nínú orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Àbùjá lè pààrọ̀ èdè tí tíṣà ń sọ ní kíláàsì nígbà mẹ́wàá. Bí ọmọ bá wọ kíláàsì láìtíì fọwọ́ kan ìwé rí, tí kò sẹ́ni tó pàlọ́ fún un rí, tí etí rẹ̀ ń ṣọyún tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, èdè yòówù tí wọ́n bá lò, yóò kọsẹ̀. Àwọn tó lè tún nǹkan wọ̀nyí ṣe kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Nọ́ọ̀sì ni, atẹ̀wétà ni, oníròyìn ni, ìyálọ́jà ni, alfa ni, mọ́gàjí ni. Gbogbo wọn ló wà n'Ìbàdàn yìí, kálukú ló sì ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìgbà wo gan-an ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé?

Àwọn onímọ̀ ka ìgbà èwe sí láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ títí yóò fi pé ọdún mẹ́jọ. Ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, etí ló ń ṣiṣẹ́. Kí ọmọ tó lè gbà pé lẹ́tà b ló bẹ̀rẹ̀ bàtà, ó gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ pé bàtà, bẹ́ẹ̀dì àti bọ́ọ̀lù jọ bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Kí ìtàn orí ìwé tó lè yé e, ó gbọ́dọ̀ ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kó tó fojú kàn wọ́n lórí ìwé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ọmọ ọdún méjì, mẹ́ta sọ nílé máa ń hàn nínú bí yóò ṣe kàwé sí nígbà tó bá pé mẹ́jọ.

Agbo ilé Ìbàdàn mọ iṣẹ́ yìí ṣe tẹ́lẹ̀ láìpe orúkọ rẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ ń kọ́ ọmọ láti ronú sí ọ̀rọ̀, àlọ́ àpagbè ń kọ́ ọ láti tẹ̀lé ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó sì mọ ibi tí yóò ti gbe orin. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ ahọ́n pọ̀, tí àwọn ọmọdé fi ń bára wọn díje, ń là wọ́n létí sí ìyàtọ̀ àárín ìró kan àti èkejì, àti sí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tó jẹ́ pé òun ni ìpìlẹ̀ èdè wa. Ìyá àgbà tó ń ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ń fún un ní ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé pírámárì kankan.

Ohun tó yí padà ni pé àsìkò kò sí mọ́, ilé náà sì ti túká. Ìyá tó ń tajà ní Bódìjà, Gbági tàbí Alẹ́ṣinlóyè ti jáde kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó sì lè di alẹ́ kó tó délé. Ìyá àgbà wà ní Bẹẹrẹ, ọmọ wà ní Apẹ̀tẹ̀ tàbí Ọ̀jọ́ọ̀ níbi tí àwọn òbí ti rí ilé yá. Fóònù ni wọ́n fi ń dá ọmọ dúró. N kò dá ìyá kankan lẹ́bi nínú èyí, nítorí ẹni tí kò bá tajà kò ní rí owó oúnjẹ. Àmọ́ a ní láti gbà pé ohun tí agbo ilé ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ kò rí ẹni tó gbà á ṣe. UNICEF ní nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín oṣù 36 sí 59, ìdá 35.6 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń rí ẹ̀kọ́ ìgbà èwe kankan gbà.

Nísinsìnyí, kí n padà sórí ọ̀rọ̀ èdè. Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní, kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ̀lì 7. Ìró tí lẹ́tà kan bá ní lónìí náà ni yóò ní lọ́la, nínú ọ̀rọ̀ yòówù kó wà. Ọmọ tó bá mọ gbogbo wọn, tó sì mọ àmì ohùn, lè pe ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Lẹ́tà 26 ni Gẹ̀ẹ́sì ní, ṣùgbọ́n ìró tí wọ́n ń gbé súnmọ́ 44, lẹ́tà mẹ́rin kan náà ló wà ní ìparí "though" àti "tough", ẹ sì mọ bí a ti ń pe méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ni à ń sọ pé kó fi èyí bẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò há a sórí. Ẹ ó ti gbọ́ ọ rí: gbogbo kíláàsì ń pariwo ka ojú-ewé kan láìwo ìwé, bí ẹ bá sì nawọ́ sí ọ̀rọ̀ kan láàárín, wọn kò mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe àbá lásán. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti àárín ọ̀nà, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú àpapọ̀ iṣẹ́ wọn. Fáfúnwá padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún 1990. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni bí iṣẹ́ náà ṣe rí: yunifásítì ló gbé e kalẹ̀, Ford Foundation ló fowó sí i, ilé-ìwé àdúgbò ló gbà á wọlé, àwọn òǹkọ̀wé sì jókòó kọ ìwé sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ àwùjọ ní Yorùbá, torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí nílẹ̀. Bí ẹnì kan nínú wọn bá fà sẹ́yìn, kò ní ṣeé ṣe.

Ilé abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ ń rí ọmọ

Nínú gbogbo ẹ̀ka tó yẹ kó wọnú iṣẹ́ yìí, ètò ìlera ni mo fọkàn sí jù, nítorí òun ló ń rí ọmọ ní àsìkò tí kò sí iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn tó ń rí i. Ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ ń gbé e padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, ó ń gbé e wá ní oṣù kẹsàn-án fún abẹ́rẹ́ èéyi àti ibà pọ́njú, ó sì ń gbé e wá ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún fún èéyi ìgbà kejì. Bí a bá yọ ti àìsàn kúrò, ìgbà mẹ́fà nìyẹn kí ọmọ tó pé ọdún méjì. Ilé-ìwé kò ní mọ̀ pé ọmọ náà wà láyé títí yóò fi pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà n'Ìbàdàn, márùn-ún láàárín ìgboro, mẹ́fà láyìíká rẹ̀: Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Làgelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Ilé ìlera alábọ́dé wà ní gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ mọ̀ pé ìyá máa ń jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì kó tó kàn án, àti pé àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kọrin fún wọn lórí ọmú fífún, omi iyọ̀ òun ṣúgà, àti ìmọ́tótó. Orin yẹn ti wọ ọ̀pọ̀ ìyá létí dé ibi pé wọ́n ń kọ ọ́ nílé. Kò sí ohun tó ní kí wọ́n má fi ẹsẹ kan kún un: bá ọmọ sọ̀rọ̀ bí o ti ń wẹ̀ ẹ́, dárúkọ nǹkan fún un, jẹ́ kó dáhùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo lásán ni, pa àlọ́ kan kó tó sùn.

Ní Boston l'Amẹ́ríkà, àwọn dókítà ọmọdé bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ lọ́dún 1989. Wọ́n pè é ní Reach Out and Read. Dókítà ń fún ọmọ ní ìwé nígbà tó bá wá fún àyẹ̀wò, ó sì ń fi han òbí bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ jókòó ti ìwé. Ètò náà tàn ká Amẹ́ríkà, ìwádìí sì fi hàn pé àwọn òbí tó wà nínú rẹ̀ ń kàwé fún ọmọ wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà sì ń pọ̀ sí i. Àwa kò ní láti ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é. Káàdì àjẹsára wà lọ́wọ́ gbogbo ìyá. Ojú-ewé kan tó ní àwòrán nínú káàdì yẹn lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Oṣù kẹsàn-án ni mo rò pé ó yẹ kí ìwé àkọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ìwé àwòrán kékeré tó nípọn, torí àsìkò yẹn ló ń fọwọ́ mú nǹkan tó sì ń gbé e sẹ́nu.

Ilé ìlera náà ló lè tètè mọ ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa. Etí tó ń ṣọyún wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, ọ̀pọ̀ òbí sì máa ń rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín b àti gb kò ní lè kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí tíṣà bá fi máa ṣàkíyèsí, ó lè ti pé ọdún méje, wọ́n sì ti ń pè é ní olórí kunkun.

Mo mọ èsì tí àwọn nọ́ọ̀sì yóò fọ̀, òtítọ́ sì ni: wọn kò pọ̀ tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rìnrìn àjò, àwọn tó kù sì ń ṣiṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta. Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí kò gbọdọ̀ di ẹrù tuntun lórí wọn. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀kọ́ ìgbà èwe. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí bá ń lo apá kan nínú iṣẹ́ ìdánwò wọn lórí bẹ́ǹṣì ilé abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń kàwé fún ọmọ, tí wọ́n ń bá ìyá sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì yóò gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ tirẹ̀.

Ìlú àwọn atẹ̀wétà tí ìwé ọmọdé ti wọ́n

Ẹ gba Jẹ́ríkò kọjá. University Press tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1949 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Oxford University Press wà níbẹ̀, HEBN tó jẹ́ Heinemann tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, Evans wà níbẹ̀. Spectrum wà ní Ring Road. Oníbọnòjé náà, Ìbàdàn ni. Bí a bá ní ìlú yìí ni olú-ìlú ìwé títẹ̀ ní Nàìjíríà, a kò ṣe àsọdùn rárá. Síbẹ̀, ẹ lọ wá ìwé àwòrán aláwọ̀ mèremère fún ọmọ ọdún mẹ́ta, tí wọ́n kọ ní Yorùbá, tó ní gbogbo àmì rẹ̀. Ẹ ó pẹ́ níbẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn atẹ̀wétà kò fẹ́. Ohun tí wọ́n bá rà ni wọ́n ń tẹ̀, ìwé tí ilé-ìwé kọ sínú lísìtì ni òbí sì ń rà. Ìwé àwòrán fún ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé kò sí nínú lísìtì ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ bébà tún wà níbẹ̀. Ìjọba dá iléeṣẹ́ bébà sílẹ̀ ní Jẹ́bà, Ìwópin àti Oku Iboku, ṣùgbọ́n òkè òkun ni bébà ìwé wa ti ń wá. Látìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, gbogbo ohun tí wọ́n ń fi dọ́là rà ló ti gbówó lórí, ìwé aláwọ̀ sì ni owó rẹ̀ fò sókè jù.

Níbí yìí gan-an ni àjọṣe ti lè yí nǹkan padà. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kan bá ṣèlérí tó dájú pé àwọn yóò ra iye ẹ̀dà kan lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta, atẹ̀wétà lè ṣírò ewu rẹ̀, iye owó ẹ̀dà kan yóò sì já wálẹ̀. Kẹ́ńyà ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Tusome, ètò ìwé kíkà àwọn ọmọ wọn, lọ́dún 2015, wọ́n tẹ ìwé débi pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lọ́wọ́, dípò kí ọmọ mẹ́ta máa na ọrùn wo ẹyọ kan. Wọ́n sì ń rán àwọn olùtọ́sọ́nà lọ sí kíláàsì pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń kà, tí wọ́n sì ń ran tíṣà lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìwé ọ̀fẹ́ náà wà: African Storybook, tó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2014, kó ìtàn ọmọdé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá wà nínú wọn, àṣẹ sì wà fún ẹnikẹ́ni láti tẹ̀ wọ́n. Atẹ̀wé kékeré àdúgbò lè ṣe é. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa yẹ àmì orí wọn wò.

Ibi tí wọ́n ó kó ìwé sí náà ṣe kókó. Ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adétòwún Ògúnṣẹ̀yẹ, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, dá ilé ìkàwé ọmọdé sílẹ̀ ní Abadina nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké ń gbé. Kò dúró de ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ awakọ̀ àti ọmọ ọlọ́gbà ló kọ́kọ́ ro. Ìmọ̀ ilé ìkàwé wà lọ́wọ́ yunifásítì, ọmọ wà ládùúgbò, ó sì so méjèèjì pọ̀. Ó yẹ kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ti ní irú rẹ̀ kí ọ̀rúndún tó yí.

Rédíò, ọjà àti ilé kéwú

N kò ní pẹ́ lórí rédíò nítorí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìlú tí tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní apá gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ti bẹ̀rẹ̀, WNTV, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, kò ṣaláìní ilé ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. BCOS wà, Amúlùdùn ní Mọ́níyà ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn aládàáni pọ̀. Nígbà tí COVID-19 ti ilẹ̀kùn ilé-ìwé lọ́dún 2020, rédíò ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sáré gbá mú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àlọ́ lálẹ́, pẹ̀lú ìró lẹ́tà kan tí wọ́n tẹnu mọ́, lè dé inú ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ṣì ń tajà lọ́wọ́.

Ilé kéwú ni àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ máa ń gbójú fò. Ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin, márùn-ún ló ti ń fi ìka tọ lẹ́tà Lárúbáwá lórí wàláà. Ọmọ yẹn ti mọ̀ pé àmì dúró fún ìró, ó ti mọ̀ pé ojú gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìlà. Alfa ti ṣe iṣẹ́ tó le jù nínú rẹ̀. Bí tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi àti alfa àdúgbò bá mọra, ohun tí ọmọ mọ lọ́dọ̀ ọ̀kan lè wúlò lọ́dọ̀ èkejì. Ti ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì kò yàtọ̀. Ní ọjà, ìyálọ́jà ló lè sọ pé kí wọ́n ya ìsọ̀ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn wá, kí ẹnì kan sì máa jókòó tì wọ́n. Nínú agbo ilé, ọ̀rọ̀ mọ́gàjí ṣì ń rinlẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kì í pàdé?

Kì í ṣe àìsí ìlànà. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà kan fún ìdàgbàsókè ọmọdé, tó ní kí ètò ẹ̀kọ́, ìlera, ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìròyìn jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìwé náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ iṣẹ́ gbogbo iléeṣẹ́ kò ní ẹni kan tí wọ́n lè bi léèrè tó bá kùnà. Nọ́ọ̀sì ń ka iye abẹ́rẹ́, SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀, ń ka iye ọmọ tó forúkọ sílẹ̀, atẹ̀wétà ń ka iye ìwé tó tà. Kò sẹ́ni tó ń ka iye ọmọ tó mọ̀wé kà.

Ọ̀rọ̀ owó náà lọ́jú pọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ti ọdún 2004 ló gbé UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ró, ó sì ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ nínú àpò ìjọba àpapọ̀. Kí ìpínlẹ̀ tó rí ti rẹ̀ gbà, ó gbọ́dọ̀ gbé iye kan náà kalẹ̀. Ọdún a sì máa kọjá tí owó ìpínlẹ̀ kan yóò wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí wọn kò gbà á. Apá tó jẹ́ ti jẹ́lé-ó-sinmi nínú rẹ̀ kéré. Owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ti ara owó ìjọba ìbílẹ̀ wá, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, àwọn tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ta ni yóò wá máa san ti àwọn. Ẹni tí ìbẹ̀rù owó oṣù bá wà lọ́kàn rẹ̀ kò ní ráyè ìró lẹ́tà.

Ìdí tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà lé àwọn olùrànlọ́wọ́ òkè òkun lọ́wọ́. Ní Bauchi àti Sókótó, USAID ná owó ńlá sórí kíkọ́ ọmọ ní ìwé kíkà lédè Háúsá, iṣẹ́ gidi sì ni. Ní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ti USAID pa. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, ìpínlẹ̀ tí kò bá gbé tirẹ̀ sílẹ̀ ni yóò máa wo ojú ẹlòmíràn.

A kò sì lè sọ̀rọ̀ Ìbàdàn kí a fo àwọn ilé-ìwé aládàáni kéékèèké tó wà ní gbogbo òpópónà. Àwọn ni ọ̀pọ̀ òbí tí kò lówó rẹpẹtẹ ń rán ọmọ lọ, torí wọ́n súnmọ́ ilé, wọ́n sì ń gba ọmọ láti ọdún méjì. Púpọ̀ nínú wọn ń fi ìró lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn ń jẹ ọmọ níyà tó bá sọ fanákúlà. Ètò tí kò bá pe NAPPS, ẹgbẹ́ àwọn tó ni ilé-ìwé aládàáni, síbi ìjókòó yóò fo ọ̀pọ̀ ọmọ dá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi kan tí mo máa ń rántí ni Sobral, ìlú kan ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, ibi tí kò lówó. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ wọn wò ní nǹkan bí ọdún 2000, bí i ìdajì ni kò mọ̀wé kà lẹ́yìn ọdún bí mélòó kan ní kíláàsì. Olórí ìlú sọ ọ́ di iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ìwé kíkà ọmọ kọ̀ọ̀kan látìgbàdégbà, wọ́n ń yan ọ̀gá ilé-ìwé nítorí ìmọ̀ rẹ̀, kì í ṣe nítorí olóṣèlú tó mọ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2017, Sobral ló gbégbá orókè nínú ìdánwò àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Brazil. Owó kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹnì kan ló gbà pé kí wọ́n bi òun.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí pé ìkéde ọdún 2025 ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀nà ti dí. Ohun tí tíṣà ń sọ nínú kíláàsì ni wọ́n fẹnu kò lé lórí l'Ákúrẹ́. Kò kan orin ilé abẹ́rẹ́. Kò kan rédíò, ilé ìkàwé, ìsọ̀ inú ọjà tàbí ìwé àwòrán tí wọ́n fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Gbogbo ibẹ̀ ni Yorùbá ti lè máa ṣiṣẹ́ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ Àbùjá, ọmọ tó bá sì ti ibẹ̀ wá yóò bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní kíláàsì pẹ̀lú etí tó ti là.

Ìbò ọdún 2027 ń bọ̀. Àwọn olùdíje yóò dé àdúgbò, wọn yóò sì ṣèlérí bẹ́ǹṣì, òrùlé àti ilé-ìwé tuntun. Ẹ bi wọ́n pé nínú gbogbo ọmọ tó wà ní pírámárì kejì ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí, mélòó ló lè ka ojú-ewé kan kó yé e? Ọ́fíìsì wo ni yóò máa mú iye yẹn jáde lọ́dọọdún, ta sì ni orúkọ rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀?